Ìlà Tí O Fà Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Niger Street,
Sabon Gari, Kánò.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà. Mo mọ̀ pé dáadáa lo wà. Mo rí ọ lọ́jọ́ Àìkú, o jẹun yó, o wọ bàtà gogoro, o ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́tàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ ṣeré lórí tábìlì mi. Ẹni tí nǹkan kò dáa fún ni Bàbá Ràfíù, tí ẹ jọ wà ní fakitiri òróró yẹn, torí rẹ̀ ni mo sì ṣe mú bíróò. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà máa rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń kà á. Bàbá rẹ wà lórí àga rẹ̀ níbí, ó ní kí n jẹ́ kí ìbínú mi rọlẹ̀ ná kí n tó kọ̀wé. Mo ní bó bá rọlẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ mọ́.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé mo gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Bàbá Ràfíù yà sọ́dọ̀ wa nígbà tó kírun alẹ́ tán. Ó jókòó, ó mu omi, ó bi bàbá rẹ nípa orúnkún tó ń dùn ún, ó bi mí nípa àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu ọkùnrin yìí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, wọ́n ní òróró tí mò ń fi ẹ̀rọ rọ sínú gálọ́ọ̀nù ń pọ̀ jù. Wọ́n ní èmi àti àwọn tó ń wá ra ọjà la jọ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fún mi ní kúẹ̀rì. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa jókòó lé mi lórí."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Àwọn ọ́fíìsì ni."

Mo ní, "Ọ́fíìsì kì í sọ̀rọ̀. Ta ni nínú ọ́fíìsì?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe."

Ọmọ wa ni! Ìwọ ló ń wí, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi pè é lólè, òun ṣì ń pè ọ́ ní ọmọ wa. Mo gbé ife omi rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, mo dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Mo mú un mọ́ra di ọjọ́ Àìkú. O ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bu ìrẹsì fún ọ, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọ́. Kí lo dá mi lóhùn? Nínú pálọ̀ mi, lórí àga tí mo ti fún ọ lọ́mú, o ní, "Mummy, no be me talk am o. Na the chart. The afternoon operator is out of control."

Afternoon operator. Haba, Mọ́rẹ́nikẹ́! Ọkùnrin tó ń gbé ọ sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Gwagwarwa nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kan pẹ́dà ló wá di afternoon operator. Ìwọ, ọmọ onígbàgbọ́, ni kì í gbélé nínú oṣù ààwẹ̀. O ti máa ń wà nílé wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́, o jókòó ti àwo àkàrà kosai, o ń bi í léraléra pé ṣé oòrùn ti wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ á ní kí o máa jẹ tìrẹ, ọmọdé ni ọ́. Òun á ní rárá, ẹ jẹ́ kó bá wa dúró, ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Sabon Gari yìí, kò sí èyí tó yẹ kó mọ̀ jù ọ́ lọ pé oṣù ààwẹ̀ kò jọ oṣù mìíràn.

Mo wá bi ọ́ pé àwọn ọjọ́ wo lo fi fa ìlà ṣáàtì tí o fi ń ṣọ́ ìwọ̀n òróró. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí o débẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ẹran ẹnu mi sì korò. Inú azumi ni, oṣù ààwẹ̀! Nínú azumi, fakitiri yín kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀sán. Àárọ̀ nìkan lẹ̀rọ ń rìn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí òróró ẹ̀pà ṣì ki. Lẹ́yìn Sallah, wọ́n dá iṣẹ́ ọ̀sán padà, wọ́n fi Bàbá Ràfíù sí i, nínú ooru Kánò tó ń sun èèyàn yìí. Táńkì yín sì wà níta gbangba. Òróró tó bá gbóná á ṣàn bí omi. Ìwọ̀nba àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣí ẹnu kò yí padà, ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ló pọ̀ sí i. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni àmì rẹ ń yọ kọjá ìlà òkè, lárààárọ̀ ló ń wà ní àárín. Ìwọ sì sọ pé olè ni.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ nìyí. Kà á dáadáa.

Èkíní, má tún sọ ọ́ létí mi láé pé ṣáàtì ló sọ̀rọ̀. Ṣáàtì kò lẹ́nu. Ẹni tó fa ìlà sí i ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún tí òkìtì àpò ẹ̀pà ṣì ń ga ní Kánò yìí ni mo ti wọ yàrá àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òwú la máa ń wọ̀n. Ọ̀gá wa, ará Íńdíà kan tó ń jẹ ata tútù bí ẹni jẹ gúgúrú, ló fi rúlà lé mi lọ́wọ́. A ó wọn òwú fún ìgbà pípẹ́, a ó fa ìlà kan sí àárín, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, ká lè mọ ibi tí ẹ̀rọ ń rìn dé nígbà tí ara rẹ̀ yá. Àmì tó bá yọ jáde, a ó dìde lọ wo ohun tó dé. Orí tábìlì kíṣìnnì mi ni mo ti kọ́kọ́ ya irú rẹ̀ hàn ọ́, kí yunifásítì tó gbà ọ́. Torí náà, má rò pé ohun tí n kò mọ̀ ni mò ń dá sí.

Ìwé rẹ ní àmì kì í sábà yọ jáde lásán. Òótọ́ ni, bí ẹni tó fa ìlà bá mọ àárín gidi, tó sì mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń fì lọ fì bọ̀ gan-an. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín? Ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ láti inú ọjọ́ díẹ̀ ni. Ohun tí a bá sì fojú díwọ̀n láti inú ọjọ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń mì. Bí ẹlòmíràn bá mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀, ìlà rẹ̀ á bọ́ síbòmíràn, olè tirẹ̀ náà á sì jẹ́ ẹlòmíràn. Ṣé o gbọ́ mi? Ọ̀sẹ̀ lásán ló yí padà, olè sì yí padà!

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ láṣọ, mi ò jiyàn. Sífíkéètì rẹ wà lára ògiri wa níbí, bàbá rẹ ló kan ìṣó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkísà ni ọjọ́ tí èèyàn ti kó jọ: ọjọ́ òtútù, ọjọ́ ooru, ọjọ́ ọyẹ́, ọjọ́ tí iná lọ, ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣòjòjò. Ẹni tí kò tíì ní in máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni. Kì í buwọ́ lùwé pé bàbá ẹni jalè.

Èkejì, ìgbà tí o fi fa ìlà gbọ́dọ̀ jọ ìgbà tí o fẹ́ fi ìlà náà dájọ́. Mo mọ èyí ṣáájú kí n tó mọ ṣáàtì. Wò ó, bàbá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ibo Road. Ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un pé kó máa tètè wálé torí ìyàwó tuntun. Oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run tí n ó ti gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù kan gbáko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà lọ́kàn mi pé báyìí ni ọkọ mi ṣe rí. Nígbà tó di oṣù kejì, ọ̀gá ní ó tó, iṣẹ́ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Èmi bá mọ̀ pé obìnrin ni! Mo ti rí i lọ́kàn mi, mo mọ àwọ̀ rẹ̀, mo mọ irú irun tó ń dì. Mo gbé ọbẹ̀ pamọ́, mo kẹ̀yìn sí i, n kò dáhùn bó bá kí mi. Lọ́jọ́ kan mo dira, mo gba Ibo Road lọ kí n lè fa irun obìnrin yẹn tu. Orí àkàbà ni mo bá bàbá rẹ, ó ń to aṣọ sókè pẹpẹ, òógùn ti rẹ ẹ́ wìnnìwìnnì. Ó wò mí látòkè, ó wo bí mo ṣe di gèlè mọ́dìí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, oṣù tí wọ́n fi ń kí wa kú ìnáwó lo fi ń wọ̀n mí."

Ó ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo fi oṣù oyin dá oṣù iṣẹ́ lẹ́jọ́, ìwọ fi oṣù ààwẹ̀ dá oṣù ooru lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ nìkan ni mo fi jẹ ọkọ mi níyà. Ìwọ fẹ́ gba orúkọ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ti di bàbá àgbà. Bí wọ́n bá lé e lórí ọ̀rọ̀ olè, fakitiri wo ní Kánò ló máa gbà á? Ojú wo ló fẹ́ fi wọ mọ́ṣáláṣí? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀kẹta. Èyí ló bí mi nínú jù lọ, mo sì fẹ́ kí o jókòó dáadáa kí o tó kà á. Nígbà tí o ń jẹ ẹran lọ́jọ́ Àìkú, o ń fọ́nnu. O ní ọjọ́ kan wà nínú azumi tí àmì rẹ̀ ga jù, o sì yọ ọ́ kúrò kí o tó fa ìlà, torí pé ọjọ́ náà ti bàjẹ́. O ní o "clean" ẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí ló bà á jẹ́. O ní iná lọ láàárọ̀, ẹ dúró títí, ọ̀sán gangan lẹ tó ṣiṣẹ́. Mo bi ọ́ pé ta ló dúró ti ẹ̀rọ. O ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ náà ni, pé ibi ìkẹ́rù ni wọ́n fi Bàbá Ràfíù sí nígbà yẹn. O sì tún bu ìrẹsì sẹ́nu!

Mọ́rẹ́nikẹ́, Ọlọ́run fi ọjọ́ náà ta ọ́ lọ́rẹ. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀sán ló jẹ́, òróró sì pọ̀ jù nínú gálọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹjọ́ Bàbá Ràfíù wà nínú ọjọ́ kan yẹn, ìwọ lo mú rẹ́sà, o pa á rẹ́. Ọjọ́ tí kò bá jọ àwọn yòókù, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe é, kí o rí i, kí o sì mọ̀ dájú pé kò ní padà wá mọ́. Ọ̀sán ń padà wá lójoojúmọ́, àbí ní fakitiri tiyín kì í padà wá ni?

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Bàbá rẹ ní ó ti tó. Mo ní kó máa sinmi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òmíràn nìyí: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo mọ̀ ọ́, bí ẹ̀rù bá bà ọ́ nísinsìnyí, o lè sáré lọ fẹ ìlà rẹ títí gbogbo àmì á fi wọ inú rẹ̀, kí o ní gbogbo nǹkan ti dáa. Mi ò rán ọ níṣẹ́ yẹn o. Ìlà tó bá fẹ̀ jù dà bí ajá tí kì í gbó, olè á wọlé, olè á jáde, ajá á máa jùrù. Òróró tó ń pọ̀ jù lọ́sàn-án ń pọ̀ jù lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ yín sì ń pàdánù rẹ̀ lóòótọ́. Ṣáàtì rẹ kígbe, kò purọ́ nípa òróró. Nípa ọkùnrin ni ìwọ fi irọ́ sí i lẹ́nu. Igbe rẹ̀ ní kí o dìde lọ wo ohun tó dé ni, o kò sì dìde. Orí àga ọ́fíìsì lo jókòó sí tí o ti dá a lẹ́jọ́. Ṣé o ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án rí, Mọ́rẹ́nikẹ́? Má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí bàtà gogoro lè ṣe lórí ilẹ̀ tí òróró dà sí.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, bẹ mánéjà yín pé kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ ara wọn. Kí Bàbá Ràfíù ṣe àárọ̀, kí ẹni tó ń ṣe àárọ̀ ṣe ọ̀sán. Kí o wọn gálọ́ọ̀nù fúnra rẹ, kí o má rán ẹnikẹ́ni. Bí àmì bá tẹ̀ lé Bàbá Ràfíù wọ àárọ̀, mo gbà, kọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní kí o purọ́ nítorí kosai tí o jẹ. Bí ó bá dúró sí ọ̀sán pẹ̀lú ọkùnrin kejì, kó ìwé rẹ lọ bá mánéjà kí Jímọ̀ tó mọ́, kí o sọ pé o ṣì í fà. Kí o gba ìwé tí o buwọ́ lù padà. Lẹ́yìn náà, ya ṣáàtì ọ̀tọ̀ fún àárọ̀, ọ̀tọ̀ fún ọ̀sán. Kọ ọ́ sórí méjèèjì gàdàgbà pé ìlà àfojúdíwọ̀n ni, kí o máa tún un fà bí ọjọ́ ṣe ń pọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi dá èèyàn lẹ́jọ́.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. O ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, o kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Wọ́n á ní ọmọbìnrin yìí kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó gbà pé kò yẹ kí obìnrin jókòó sí ọ́fíìsì yẹn á rí nǹkan sọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kọ́tàsì yẹn padà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti rò ó, mo rò ó mọ́jú, ó sì dùn mí, torí mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ọ torí pé o sọ òótọ́, yàrá rẹ wà níbí, ibùsùn rẹ wà níbẹ̀, n ó sì jáde pàdé rẹ ní ìta. Bí Jímọ̀ bá kọjá, tí wọ́n lé ọkùnrin yẹn lórí ìlà tí o mọ̀ pé kò tọ́, má wá jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni gbogbo èyí. Ọ̀tún ń bọ̀, kò tíì dé ni.

Ó ku nǹkan kan. Bàbá Ràfíù ló mú lẹ́tà yìí wá bá ọ. Ó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán báyìí, mo sì pè é, ó ń dúró kí n kọ ọ́ tán. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kó má bínú pé mo rán an níṣẹ́ lójú ooru yìí, ó ní, "Ṣebí ọmọ wa lẹ ní kí n fún?" Ó ti ń ṣí àpò àyà tó máa fi í sí, kí òróró má baà kàn án.

Nígbà tó nà án sí ọ, ṣé o kúnlẹ̀? Àbí o jókòó gbà á, o ní "thank you"? Bí o kò bá kúnlẹ̀, kò tíì rìn jìnnà. Bọ́ bàtà yẹn, kí o sáré bá a. Kúnlẹ̀ níbi tí gbogbo wọn á ti rí ọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ lọ sí ìdí táńkì, nísinsìnyí tí oòrùn wà ní àtàrí. Kí o fi ọwọ́ ara rẹ kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.